Ṣé àmúwá Ọlọ́run ni bíréèkì tó bàjẹ́?

Àbúrò wa kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mo sì ti yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀ kúrò. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú lọ́dún tó kọjá. Orí ọ̀kadà ló wà tí tírélà fi tẹ̀ ẹ́ pa lójú ọ̀nà márosẹ̀. Mẹkáníìkì ti sọ fún ọ̀gá tó ni tírélà yẹn pé bíréèkì ẹ̀ ò dáa, dẹ́rẹ́bà náà mọ̀, wọ́n ṣì gbé e jáde. Níbi ìsìnkú, pásítọ̀ wa ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé ọjọ́ ẹ̀ ló pé, pé tá a bá ń bá wọn ṣẹjọ́, Ọlọ́run là ń bá jà. Ẹbí ti ní ká lọ fa ọwọ́ ẹjọ́ sẹ́yìn ní téṣàn. Ìbéèrè mi ni pé tí Ọlọ́run bá ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ló ń darí ohun gbogbo, ṣé dẹ́rẹ́bà yẹn jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi? Tó bá jẹ̀bi, kí wá ni Ọlọ́run ń ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá ń bínú sí Ọlọ́run? Tírélà ọ̀hún ti padà sójú títì o sà, mo rí i lóṣù tó kọjá."

Àbúrò mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìwọ àti gbogbo ilé. Mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jókòó kọ eléyìí, torí irú ìbéèrè báyìí, téèyàn bá sáré dáhùn ẹ̀, á kàn dá kún ọgbẹ́ ni. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró, kó má di pé mò ń fi ọ̀rọ̀ pò ẹ́ lójú: dẹ́rẹ́bà yẹn jẹ̀bi, ọ̀gá tó ni ọkọ̀ jẹ̀bi jù ú lọ, Ọlọ́run sì mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ìgbàgbọ́ Kristẹni di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú pa pọ̀. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Pétérù ló sọ ọ́ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:23, ó ní Ọlọ́run ti pinnu ẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé wọ́n á fi Jésù lé wọn lọ́wọ́, nínú gbólóhùn kan náà, kò tíì mí, ló tún ti ní ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ àwọn èèyàn burúkú kàn án mọ́gi tẹ́ ẹ sì pa á. Kò ní torí Ọlọ́run ti pinnu, ẹ̀yin ò jẹ̀bi. Kò sì ní torí ẹ̀yin lẹ pa á, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn tó ń gbọ́ ọ náà mọ̀ pé àwọn ló ń bá wí, torí ọ̀rọ̀ yẹn gún wọn lọ́kàn, wọ́n ní kí làwọn máa ṣe báyìí. Ẹni tó bá gbà pé òun ò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ kì í béèrè pé kí lòun máa ṣe.

"Àmúwá Ọlọ́run" yìí gan-an ló ń dà wá láàmú. Wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: mú wá. Ọwọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹni tó mú nǹkan wá ló gbé e. Nǹkan mẹ́ta la sì máa ń kó sínú ẹ̀ láìfura, pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, pé Ọlọ́run gbà á láyè, pé Ọlọ́run ló ṣe é. Pásítọ̀ lè ní àkọ́kọ́ lọ́kàn nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta lẹni tó ń sunkún máa gbọ́.

Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àlùfáà, wọ́n rán mi lọ kí ìyá kan tí ọkọ ẹ̀ kú sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ torí iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò sì tan. Mo jókòó, mo gbàdúrà, mo wá ní mọ́mì, ẹ gba kámú, àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá yẹn ò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Àlùfáà, ṣé Ọlọ́run ló ń fa dísẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ yẹn tà?" Torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọ́n ń fa dísẹ̀lì ibẹ̀ tà lóru. Mi ò lè dáhùn. Mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo dìde, mo lọ sílé. Ọdún 30 ni mo fi kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe àlùfáà lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá dé orí ẹ̀kọ́ yìí, ojú ìyá yẹn ni mo máa ń rí.

Ó dáa, ká ṣí Bíbélì. Ẹ́kísódù orí 21, láàárín ọ̀rọ̀ màlúù àti kòtò tí kò sí ẹni tó ń fi í wàásù lọ́jọ́ Sunday. Ẹsẹ 13 sọ̀rọ̀ ẹni tó ṣèèṣì pa èèyàn, tí kò lúgọ dè é. Bíbélì ní Ọlọ́run ló fi lé e lọ́wọ́, pé kí wọ́n fi ibi tó lè sá sí hàn án kí wọ́n má bàa gbẹ̀san lára ẹ̀. Ṣé o rí i, àmúwá Ọlọ́run tá a mọ̀ ló jókòó síbẹ̀ yẹn, pásítọ̀ yín lè fi gbèjà ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má pa Bíbélì dé o, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ 28 àti 29. Tí màlúù bá kan èèyàn pa, tí kò kan ẹnikẹ́ni rí, wọ́n á sọ màlúù yẹn lókùúta pa, olówó ẹ̀ á máa lọ sílé, kò jẹ̀bi. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé màlúù yẹn ti ń kan èèyàn tipẹ́, tí wọ́n ti wá kìlọ̀ fún olówó ẹ̀, tí kò dè é mọ́lẹ̀, tó wá pa èèyàn, wọ́n á pa màlúù, ikú tọ́ sí olówó ẹ̀ náà. Ẹsẹ 30 gbà kó fi owó ra ẹ̀mí ẹ̀ padà ṣá, ṣùgbọ́n kò gbà kó ní òun ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Tí wọ́n ti wá kìlọ̀ fún olówó ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ka gbólóhùn yẹn síta níbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n ẹ. Mẹkáníìkì ti kìlọ̀. Tírélà tí bíréèkì ẹ̀ ò dáa, màlúù tó ń kàn ni. Ọlọ́run tó sọ ẹsẹ 13 ló sọ ẹsẹ 29, kò sì rí i pé èkíní ba èkejì jẹ́, torí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín èèṣì àti àìbìkítà. Diutarónómì 22:8 náà tún wà ńbẹ̀: tó o bá kọ́ ilé tuntun, ṣe ìgbátí yí òrùlé ẹ̀ ká, kí ẹnì kan má bàa já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà lọ́rùn ilé ẹ. Kò ní kí wọ́n fi òrùlé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ bá pé ni yóò já bọ́.

Kódà, ẹnì kan wà nínú Bíbélì tó fi irú ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín bo ikú mọ́lẹ̀, apànìyàn sì ni. Ṣé o rántí Ùráyà? Dáfídì gba ìyàwó ẹ̀, ó kọ lẹ́tà, ó fi rán Ùráyà fúnra ẹ̀ sí Jóábù olórí ogun, pé kí wọ́n fi í síbi tí ogun ti le jù kí wọ́n sì fà sẹ́yìn lẹ́yìn ẹ̀. Ó kú. Nígbà tí ìròyìn dé ààfin, Dáfídì ní kí wọ́n sọ fún Jóábù pé kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí bà á nínú jẹ́, pé idà a máa pa ti ibí, a máa pa tọ̀hún, 2 Sámúẹ́lì 11:25. Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn, ogun ni, ọjọ́ ẹ̀ ló pé. Gbogbo Ísírẹ́lì ì bá gbà á bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run wá rán wòlíì Nátánì. Nátánì gbà pé Ọlọ́run ló ń darí ayé ju pásítọ̀ ibikíbi lọ o, ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún ọba lójúkorojú ni pé ìwọ gan-an ni ọkùnrin náà.

Mo mọ̀ pé tó o bá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ sí òmíì, wọ́n lè má ní Ọlọ́run ni. Wọ́n á ní àwọn ayé ni, pé ọ̀tá ilé bàbá yín ló ti tírélà lẹ́yìn, ẹ wá ṣe ìsọ́ òru ọjọ́ méje. Wò ó bí méjèèjì ṣe jọra. Ọ̀kan gbé e fún Ọlọ́run, èkejì gbé e fún àjẹ́, ọ̀gá tó ni tírélà jókòó sílé ẹ̀ ó ń jẹ ìrẹsì. Mi ò sọ pé Èṣù ò sí o, ìyẹn Sátánì inú Bíbélì, kí àwọn tó mọ Èṣù ilé wa má bá mi jà. Ṣùgbọ́n ka Lúùkù 22. Ẹsẹ 3 ní Sátánì wọ inú Júdásì. Ẹsẹ 22, Jésù ní Ọmọ Ènìyàn ń lọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pinnu ẹ̀, àmọ́ ègbé ni fún ọkùnrin tó fi í hàn. Sátánì wà ńbẹ̀, ìpinnu Ọlọ́run wà ńbẹ̀, Júdásì ò sì rí ẹ̀yìn ìkankan nínú méjèèjì sá pamọ́ sí.

Wàyí o, Jósẹ́fù. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kà á fún yín, torí kò síbi tí wọn ò ti kà á: ẹ̀yin rò ibi sí mi, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rò ó sí rere, Jẹ́nẹ́sísì 50:20. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ ńlá sì ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ẹ̀gbọ́n rò, Ọlọ́run rò, lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Kò ní wọn ò rò ibi. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà táwọn oníwàásù máa ń fò. Àkọ́kọ́, ta ló sọ ọ́? Jósẹ́fù tí wọ́n tà ni. Kì í ṣe àwọn tó tà á, kì í sì í ṣe àlejò tó wá kí i. Ìkejì, ìgbà wo ló sọ ọ́? Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n tà á. Ó dúró níwájú Fáráò ní 30. Fi ọdún méje ọ̀pọ̀ àti méjì ìyàn kún un kí bàbá ẹ̀ tó dé Íjíbítì, Jékọ́bù tún lo ọdún 17 níbẹ̀ kó tó kú, ẹ̀yìn ikú Jékọ́bù lọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu ẹ̀. Ṣírò ẹ̀, bí ọdún 39 ni. (Ó sọ nǹkan tó jọ ọ́ ní orí 45, ìyẹn náà ti lé ní 20 ọdún.) Nígbà tó wà nínú kòtò, ohun tí Bíbélì jẹ́ ká mọ̀ ni pé ó ń bẹ̀ wọ́n, ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́, wọn ò sì gbọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ́jú wo inú kòtò yẹn kó ní Jósẹ́fù, fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run rò ó sí rere.

Ọmọ tiwa náà wà tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àjàyí Crowther, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864. Ọmọ Òṣóògùn ni, ogun wọ ìlú wọn lọ́dún 1821, wọ́n kó òun àti ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun òyìnbó gba ọkọ̀ yẹn lójú omi ní April 1822, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Lọ́dún 1837, ọdún 16 lẹ́yìn ẹ̀, ó kọ lẹ́tà kan nípa ọjọ́ tí wọ́n mú un. Ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi agídí lé e jáde nílé bàbá ẹ̀. Nínú lẹ́tà kan náà ó ní wọ́n ti kọ́ òun láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún, torí ọjọ́ tí Ọlọ́run là sílẹ̀ fún òun láti lọ síbi tí wọ́n ti ń wàásù ìhìnrere ni. Kò fi èkejì pa èkíní rẹ́. Ìyá ẹ̀, Àfálà, ó tó 1846 kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí nìyí: ọkùnrin tó gbà pé Ọlọ́run ló wà nídìí ìrìn àjò òun yìí, òun náà ló bá wọn lọ sórí odò Ọya lọ́dún 1841 nígbà tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa fòpin sí òwò ẹrú, òun náà ló lọ bá àwọn aláṣẹ Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1851 lórí òwò ẹrú Èkó. Ìgbàgbọ́ ẹ̀ pé Ọlọ́run ń darí ò ní kó lọ fa ọwọ́ ẹjọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tó fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe gbé e, mo máa sáré gba ibẹ̀ kọjá. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àti òǹkọ̀wé ìjọ àtijọ́, tí wọ́n bí lọ́dún 354 níbi tó di Àlùjíríà lónìí, fi bí ọdún mẹ́sàn-án bá ẹgbẹ́ Mani rìn, àwọn tó gbà pé agbára méjì ló wà, ti ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn, tí wọ́n jọ ń jà. Ìgbà tó kúrò níbẹ̀, ohun tó wá rí ni pé ibi kì í ṣe nǹkan kan tí Ọlọ́run dá tó gbé kalẹ̀. Àìsí rere níbi tó yẹ kó wà ni. Àpẹẹrẹ tó lò ni àìsàn: tára bá yá, àìsàn ò gbéra lọ síbòmíì, kò kàn sí mọ́ ni. Ó máa ń nira fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láti gbà á ní èdè òyìnbó, mo wá ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, ni kíláàsì bá dákẹ́. Àìsàn, ara ò sàn. Àìtọ́. Àìṣòdodo. Àìbìkítà. Èdè wa ti kó idajì ìwé Augustine sínú "àì" kan ṣoṣo. Ohun tó pa ẹ̀gbọ́n ẹ, tó o bá tú u palẹ̀, bíréèkì tí kò mú ni, owó àtúnṣe tí ẹnì kan ò fẹ́ san ni, ìfẹ́ ọmọnìkejì tí kò sí. Ọlọ́run ò dá ìkankan nínú ẹ̀.

Ẹnì kan á fà mí létí pé Aísáyà 45:7 ńkọ́, tí Ọlọ́run ní mo ṣe àlàáfíà mo sì dá ibi? Ó wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà níbẹ̀ dà bí "ibi" tiwa, ó lè jẹ́ àjálù, ó lè jẹ́ ìwà ìkà. Tá a bá ń gbàdúrà pé ká má rí ibi, àjálù la ní lọ́kàn. Àlàáfíà ni wòlíì yẹn sì fi ko ibi lójú, ogun àti ìparun ló ń sọ. Jákọ́bù 1:13 ní Ọlọ́run kì í fi ibi dán ẹnikẹ́ni wò.

Lẹ́yìn Augustine, wọ́n jà lórí bí ìfẹ́ inú èèyàn ṣe lágbára tó. Pelagius, olùkọ́ ẹ̀sìn kan tó jẹ́ ará Bìrìtéènì, ní èèyàn lè fúnra ẹ̀ yan rere, ìpàdé Kàtéjì dá a lẹ́bi lọ́dún 418. Erasmus, ọ̀mọ̀wé Kátólíìkì, gbèjà òmìnira ìfẹ́ inú lọ́dún 1524, Luther, àgbà àwọn Protestant, fún un lésì lọ́dún 1525 pé ìfẹ́ inú èèyàn wà nínú ìdè. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Calvin, tí wọ́n ní Ọlọ́run ló ti yan ẹni tó máa là, àti ti Arminius, tí wọ́n ní èèyàn lè gbà tàbí kó kọ̀, gbé tiwọn dé ìpàdé ìjọ ní Dort lọ́dún 1618 sí 1619, wọ́n lé ti Arminius jáde. Wesley, tó bẹ̀rẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, wá wàásù lọ́dún 1739 tako ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn Calvin lórí ẹni tí Ọlọ́run yàn, ìdí nìyẹn tí Mẹ́tọ́díìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín àti Presbyterian ò fi ní sọ ohun kan náà lónìí. Èmi fúnra mi súnmọ́ Wesley ju Calvin lọ, mi ò fi bò. Ṣùgbọ́n gbọ́ eléyìí: ìwé ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Westminster ti 1646, ti àwọn tó ń tẹ̀ lé Calvin, tó le jù lọ́rọ̀ ìpinnu Ọlọ́run, tó ní gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni Ọlọ́run ti pàṣẹ ẹ̀ láti ayérayé, inú orí kẹta yẹn náà ló ti ní síbẹ̀ Ọlọ́run kọ́ ló dá ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kò fipá mú ìfẹ́ inú ẹ̀dá kankan, kò sì mú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹ̀dá tí nǹkan gba ọwọ́ wọn ṣẹlẹ̀ kúrò. Nítorí náà pásítọ̀ tó ní dẹ́rẹ́bà ò jẹ̀bi ò tiẹ̀ rí Calvin fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ pásítọ̀ yín ti wá? Lójú tèmi, ilé ló ti wá, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Àyànmọ́ ni, tá a fi kọ́ọ̀tù wọ̀. Àwọn tó tú Bíbélì sí Yorùbá lo "yàn tẹ́lẹ̀" nínú Róòmù 8, kò sì sí ọ̀rọ̀ míì tó dáa jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ti gbọ́ "yàn", orí ló ń rántí, ọjọ́ ikú ló ń rántí. Ka ẹsẹ 29 yẹn padà, ohun tó ní wọ́n yàn wọ́n sí ni kí wọ́n dà bí àwòrán Ọmọ ẹ̀. Kò dárúkọ tírélà. Àwọn baba ńlá wa tó tiẹ̀ gba àyànmọ́ gbọ́ gan-an, wọn ò torí ẹ̀ tú apànìyàn sílẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn ni wọ́n pè é, ẹni tó kúnlẹ̀ ló yàn, ó ṣì lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Lórí mímọ̀ tẹ́lẹ̀, ìdáhùn àtijọ́ ni pé kéèyàn mọ nǹkan kọ́ ni pé òun ló tì í ṣẹlẹ̀. Boethius, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Róòmù, nínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó pa á ní bí 524, ní Ọlọ́run ò wo ọjọ́ iwájú bí wa, gbogbo àsìkò ló wà níwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó o bá sì rí ẹni tó ń rìn, ìríran ẹ kọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó dáa, ó sì yanjú apá kan. Ó yanjú ti dẹ́rẹ́bà: òun ló pinnu, Ọlọ́run kàn rí i ni. Kò yanjú tìẹ, torí ìwọ ò béèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run fi mọ̀. O ní kí ló ń ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn, mi ò sì ní parọ́ fún ẹ. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni ti òmìnira. Lọ́dún 1955 Mackie, onímọ̀ ọgbọ́n orí tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, béèrè pé kí ló dé tí Ọlọ́run alágbára ò dá èèyàn tí á máa fi òmìnira ẹ̀ yan rere nígbà gbogbo. Lọ́dún 1974 Plantinga, onímọ̀ ọgbọ́n orí tó jẹ́ Kristẹni, fún un lésì pé ó lè jẹ́ pé irú ayé bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ohun tí Ọlọ́run lè dá láìfipá mú ẹnikẹ́ni, torí ẹni tí wọ́n fipá mú yan rere ò yan nǹkan kan. Mo gbà pé ó ṣàlàyé ìdí tí irú ọ̀gá tírélà yẹn fi lè wà láyé. Ṣùgbọ́n òmìnira ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́, òun náà kò yàn láti gun ọ̀kadà délé? Kí ló dé tí òmìnira ẹni tó ń ṣọ́ owó bíréèkì fi borí ti ẹni tó wà lórí ọ̀kadà? Kò sí ìwé tí mo kà tó dáhùn ìyẹn dójú àmì. Ọmọ tó sì ń kú lọ́wọ́ sickle cell, ọ̀rọ̀ òmìnira ò tiẹ̀ kàn án rárá. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun mọ ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ, tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn, rọra bi í pé ta ló sọ fún un.

Wọ́n mú irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ bá Jésù fúnra ẹ̀, Lúùkù 13, lórí àwọn tí Pílátù pa, òun náà wá mú àpẹẹrẹ míì wá. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa èèyàn 18. Ó ní ṣé ẹ rò pé wọ́n jẹ̀bi ju gbogbo àwọn ará Jerúsálẹ́mù lọ ni? Rárá. Ó kọ̀ kí wọ́n di ẹ̀bi ru àwọn tó kú, ó yíjú sí àwọn tó ń gbọ́ ọ, ó ní ẹ̀yin náà ẹ ronú pìwà dà. Ìdí tí ilé náà fi wó mọ́ àwọn 18 yẹn, kò sọ ọ́. Ohun tí ẹ̀sìn wa ní nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Ọlọ́run tí a ń bi léèrè, Ọmọ tiẹ̀ náà wà lára àwọn tí ọwọ́ èèyàn burúkú pa, ó bẹ̀ pé kí ife yẹn ré òun kọjá, kò ré e kọjá, ó ké lórí igi pé kí ló dé tí o fi kọ̀ mí sílẹ̀. Mi ò pe ìyẹn ní àlàyé. Òun ni mo fi ń gbàdúrà nígbà tí kò bá sí àlàyé.

Bó bá ṣe pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn bínú sí Ọlọ́run, Jóòbù ì bá ti kú ní orí kẹta. Ó gégùn-ún fún ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó ní kí Ọlọ́run wá bá òun ṣẹjọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta ló ń gbèjà Ọlọ́run, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dùn ún fi wàásù. Nígbà tí Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níkẹyìn, 42:7, àwọn olùgbèjà yẹn ló bínú sí, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ìránṣẹ́ òun. Sáàmù 88 náà wà, kà á lóru tó ò bá rí oorun sùn. Kò sí ìyìn níparí ẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, òkùnkùn lọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé orin ìjọ Ọlọ́run. Bínú, àbúrò mi. Ojú ẹ̀ ni kó o ti bínú, má yí ẹ̀yìn sí i bínú.

Ti ẹjọ́ yẹn wá. Ẹbí yín lè ní ìdáríjì là ń sọ. Ìdáríjì dáa, tó o bá ti ṣe tán lọ́jọ́ kan, dárí jì wọ́n, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ ṣe é, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ipá gbà á lọ́wọ́ ẹ. Àmọ́ ohun tìẹ lo lè dárí jì. Ẹ̀mí àwọn tó máa gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà yẹn lọ́la, kì í ṣe tìẹ láti dárí ẹ̀ jì. O ní tírélà ọ̀hún ti padà sójú títì. Ìyẹn ló gbé mi lọ́kàn jù nínú gbogbo lẹ́tà ẹ. Kó o tó pinnu lórí ẹjọ́ tó wà ní téṣàn, kọ nọ́ńbà ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, mú ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ nínú ẹbí dání, ẹ lọ bá àwọn Road Safety, ẹ wá mẹkáníìkì yẹn lọ tó bá gbà láti jẹ́rìí, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun kan péré: ṣé wọ́n ti tún bíréèkì ẹ̀ ṣe?